Igi tó wà nínú omi fún 5,000 ọdún: kí ló dé tí kò jẹrà?

ÌBÉÈRÈ

Káfíńtà ni mí ní Ẹ̀pẹ́, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní gúúsù Jámánì ní kí n wá fojú kan àwọn ọmọ òun, ó sì mú mi lọ sí mùsíọ́mù kan ní Unteruhldingen, létí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Bodensee. Àwọn ilé onígi dúró lórí òpó nínú omi níbẹ̀, bíi ti àwọn Ìlàjẹ. Wọ́n tún pàtẹ òpó igi àti irinṣẹ́, wọ́n ní òmíràn nínú wọn ti lé ní 5,000 ọdún. Ọmọ mi ní ọkùnrin kan tilẹ̀ wà nínú mùsíọ́mù mìíràn ní Ítálì, tí wọ́n rí lórí òkè tòun ti aṣọ àti bàtà rẹ̀, tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ igi ni mo fi tọ́ ọmọ, mo sì mọ̀ pé omi ni ọ̀tá igi. Mo ti pààrọ̀ òpó èbúté tí kò tíì pé ogún ọdún, tó ti jẹ tán níbi tí omi ti ń gbá a. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn fún àwọn tó ń wá wòran? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí a kì í rí irú rẹ̀ nínú mùsíọ́mù tiwa?

Káfíńtà, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi gan-an, nítorí ẹni tó mọ igi ló lè bi í. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ka ọdún tí wọ́n kọ sára òpó yẹn, wọn á ṣe háà, wọn á sì máa lọ. Ẹ̀yin dúró, ẹ fi ohun tí wọ́n sọ wé ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sì rí i pé kò bára mu.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé nìyí: iṣẹ́ yín kọ́ yín pé omi a máa ba igi jẹ́, àwọn ará mùsíọ́mù sì ń sọ pé omi ló bá wọn tọ́jú igi. Ó jọ pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ o, ohun tí ẹ̀yin náà rí ní èbúté sì jẹ́ òótọ́.

Kí n kọ́kọ́ mú ti àwọn ilé yẹn kúrò nílẹ̀. Ìfura yín tọ̀nà lórí ìyẹn. Àwọn ilé tó dúró sínú omi kì í ṣe ti ayé àtijọ́. Mùsíọ́mù ló kọ́ wọn. Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́ àwọn àkọ́kọ́, wọ́n sì ti lé ní ogún báyìí. Òpó tí wọ́n rí nísàlẹ̀ omi ni wọ́n fi mọ bí ilé ṣe fẹ̀ tó. Ohun tí wọn kò rí, bí òrùlé, wọ́n fi làákàyè gbé e kalẹ̀ ni. Bákan náà, mùsíọ́mù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kọ ọ́ sára ohun tó bá jẹ́ àdàkọ. Ṣùgbọ́n àwọn òpó dúdú tí wọ́n kọ ọdún sí lára, àwọn èèyàn ayé ìgbà náà gan-an ló fi àáké gé wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí òpó èbúté tí ẹ pààrọ̀, nítorí inú lẹ́tà yín ni ìdáhùn wà. Ẹ ní ó ti jẹ tán níbi tí omi ti ń gbá a. Apá tó wọ inú ẹrẹ̀ lọ ńkọ́? Mo gbà pé nígbà tí ẹ fẹ́ fà á yọ, ó yọ yín lẹ́nu díẹ̀, àti pé nígbà tó jáde, ó dúdú, ó ń rùn, àmọ́ igi rẹ̀ ṣì le. Orí òpó tó yọ sókè nínú oòrùn náà ṣì dáa. Àárín ló bàjẹ́, níbi tí omi ti ń wá tó tún ń lọ. Bó bá jẹ́ pé omi ló ń jẹ igi, ṣé ìsàlẹ̀ tí omi kò fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kọ́ ni ì bá kọ́kọ́ jẹrà?

Ohun ẹlẹ́mìí ló ń jẹ igi: olú, ikán, oríṣiríṣi kòkòrò, àti àwọn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Bíi ti gbogbo ẹlẹ́mìí, wọ́n nílò ọ̀rinrin, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọn á máa mí. Àga tó wà ní pálọ̀ ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rinrin tó, ìyẹn ni olú kì í fi í hù lára rẹ̀. (Ikán ní tirẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin bọ̀ láti inú ilẹ̀, ẹ sáà mọ̀ ọ́n.) Igi tó rì sínú ẹrẹ̀ ní omi ní àníjù, àmọ́ kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé ni ewu wà. Ìdí kan náà ló fà á tí òpó ọgbà fi máa ń ṣẹ́ ní ojú ilẹ̀ gan-an, tí ìdí rẹ̀ á ṣì wà nínú ilẹ̀, tí ẹ ó fi ọkọ́ wú u kó tó jáde.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé, koríko àti ẹja tó kú ń rì síbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ wọ́n, wọn á sì máa lo ọ́síjìn tó wà nínú ẹrẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ, títí á fi tán. Òpó tí wọ́n ti gbá wọ inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó pọ̀ jù. Ìwọ̀nba kòkòrò tó lè gbé láìsí ọ́síjìn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lè kọjá kí iṣẹ́ wọn tó hàn.

Ẹ óò rántí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sójú òkun, bí kòkòrò kan ṣe máa ń lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò jálẹ̀jálẹ̀. Omi iyọ̀ ni kòkòrò yẹn ń gbé. Bodensee àti àwọn adágún ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Alps, omi tí èèyàn lè mu ni wọ́n, kòkòrò náà kò lè gbé ibẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí adágún tọ́jú igi ju òkun lọ.

Bí wọ́n ṣe rí àwọn òpó náà kì í ṣe àdììtú rárá. Nígbà òtútù ọdún 1853 sí 1854, omi adágún Zürich ní Switzerland fà sẹ́yìn gan-an. Àwọn ará abúlé Obermeilen fẹ́ fi àǹfààní yẹn gba ilẹ̀ díẹ̀ kún ilẹ̀ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹrẹ̀, ni wọ́n bá ń kan òpó, ìwo ẹran àti àáké òkúta. Olùkọ́ abúlé náà, Johannes Aeppli, ló ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ní ìlú Zürich, Ferdinand Keller sì kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1854. Keller rò pé ńṣe ni gbogbo abúlé náà wà lórí pèpéle kan láàárín omi. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé etí omi, lórí ilẹ̀ àbàtà tí omi ń bò lásìkò kan tó ń fi sílẹ̀ lásìkò mìíràn, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà wà, àti pé adágún ló wá kún bò wọ́n. Láti ọdún 2011, UNESCO ti ka 111 nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sí ogún gbogbo ayé, ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó yí àwọn òkè Alps ká.

Bí ẹ bá wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ iye ọdún rẹ̀, iṣẹ́ yín náà la ó tún fi dáhùn. Ní ilẹ̀ òtútù, igi kì í dàgbà nígbà òtútù. Bí oòrùn bá padà, á tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fi ń ní òrùka kan lọ́dún nínú, ó sì ń hàn ketekete ju ti ìrókò wa lọ. Ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, òrùka á fẹ̀. Ọdún ọ̀dá, á tín-ín-rín. Gbogbo igi agbègbè kan ló ń kọ irú ìtàn kan náà sínú. Àwọn onímọ̀ fi òrùka igi òde òní so mọ́ ti igi àjà ilé àtijọ́, wọ́n fi ìyẹn so mọ́ ti igi inú ẹrẹ̀, títí ìlà náà fi lé ní 10,000 ọdún. Bí èèpo bá ṣì wà lára òpó kan, tí òrùka rẹ̀ sì pọ̀ tó, wọ́n lè sọ ọdún gan-an tí wọ́n gé e lulẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ní nǹkan bí ọdún 3910 ṣáájú ìbí Kristi ni iná jó abúlé kan ní Hornstaad, létí Bodensee yìí kan náà. Ọkà wọn tó jóná di èédú, èédú sì jẹ́ ohun tí kòkòrò kì í jẹ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọjọ́ tí wọ́n bá gbé igi náà jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ewu bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá la pákó tútù tí wọ́n sì sá a sí oòrùn gangan, á là, á lọ́, á di ohun tí kò ṣeé lò. Igi inú adágún burú ju ìyẹn lọ. Àwọn kòkòrò tí mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ti mú èyí tó pọ̀ nínú okun inú igi náà lọ, omi ló sì rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó, ó gún régé, ojú àáké ṣì wà lára rẹ̀. Àmọ́ omi ló gbé e ró. Bí omi yẹn bá gbẹ, igi náà á wó sínú ara rẹ̀, á sún kì, á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Púpọ̀ nínú ohun onígi tí wọ́n kó jáde nígbà ayé Keller ló bàjẹ́ báyìí, nítorí wọn kò tíì mọ̀. Ó dùn mí bí mo bá rò ó.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí ni pé wọn kì í jẹ́ kó gbẹ rárá. Inú omi ni wọ́n ń gbé e sí láti etí adágún títí dé ilé iṣẹ́. Níbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n po ohun kan tó dà bí ìda mọ́, PEG ni wọ́n ń pè é. Omi á máa jáde, PEG á máa wọlé, á sì dúró níbi tí okun igi wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún bíi mélòó kan, wọ́n á mú kó dì bíi yìnyín, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ kúrò ní àyíká rẹ̀, kí yìnyín tó kù nínú rẹ̀ lè fẹ́ lọ láìkọ́kọ́ yọ́ di omi. Òpó kékeré kì í pẹ́ púpọ̀. Ọkọ̀ ojú omi Vasa tí wọ́n gbé jáde nínú òkun ní Sweden ní 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi ń fọ́n PEG sí i lára. Nítorí ìnáwó àti wàhálà yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òpó Bodensee ṣì wà nísàlẹ̀ omi níbi tí wọ́n wà. Níbi tí ìgbì omi bá ti ń ṣí ẹrẹ̀ kúrò lórí wọn, wọ́n á tẹ́ aṣọ tó nípọn lé wọn, wọ́n á sì da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó. Mo rò pé ìpinnu tó dára ni. Kò sí mùsíọ́mù tó lè tọ́jú wọn tó ẹrẹ̀ yẹn.

Ọkùnrin orí òkè tí ọmọ yín sọ ni wọ́n ń pè ní Ötzi. Tọkọtaya kan láti Jámánì tó ń gun òkè ló rí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, ní ibi tó ga tó mítà 3,210, nítòsí ààlà Ítálì àti Austria. Òun náà ti lé ní 5,000 ọdún. Ìdí tí kò fi jẹrà fara jọ ti òpó: yìnyín wà yí i ká, àmọ́ omi tó ti dì kì í ṣe omi tí kòkòrò lè mu, òtútù ibẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Nínú mùsíọ́mù rẹ̀ ní Bolzano, inú yàrá tí wọ́n mú tutù dé ìwọ̀n 6 sísàlẹ̀ òdo Celsius ló wà, ojú fèrèsé kékeré kan ni èèyàn fi ń wò ó. Bí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó mú yín débẹ̀ nítorí àáké rẹ̀. Bàbà ni ojú àáké náà, igi ni èèkù rẹ̀, awọ tí wọ́n fi dè wọ́n pọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Káfíńtà bíi tiyín á rí ohun tó pọ̀ kà nínú rẹ̀ ju èmi lọ.

Yìnyín òkè yìí ti ń yọ́ báyìí. Láti ìgbà ooru líle ọdún 2003, ní ọ̀nà àárín òkè kan tí wọ́n ń pè ní Schnidejoch ní Switzerland, ọrun, apó àti ṣòkòtò awọ ayé àtijọ́ ti jáde látinú yìnyín. Bí wọn kò bá tètè kó irú wọn, kòkòrò tí kò rí wọn jẹ láti ẹgbẹ̀rún ọdún á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára wọn.

Ó ku ìbéèrè yín nípa mùsíọ́mù tiwa. Ẹ wo ohun tó wà nínú mùsíọ́mù wa: orí idẹ àti orí amọ̀ sísun ní Ifẹ̀, àwọn ère òkúta ní Esie, níbi tí wọ́n ti dá mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Òkúta, amọ̀ àti idẹ ni ilẹ̀ wa gbà láti fi sílẹ̀. Ère igi ìbejì, ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tó wà káàkiri mùsíọ́mù ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì pé igba ọdún. Kò túmọ̀ sí pé àwọn baba ńlá àwọn agbẹ́gilére kò gbẹ́gi. Ooru ni, ikán ni, àti òjò tó ń rin ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn tún ń gbẹ ẹ́ lọ́dọọdún, tí afẹ́fẹ́ sì ń rí àyè wọlé. Gbogbo ilẹ̀ wa dà bí ojú omi tó jẹ òpó èbúté yín. Mo fẹ́ kí àwọn mùsíọ́mù wa máa kọ èyí sára ògiri, kí ọmọ ilé ìwé má bàa rò pé ohun tí òun rí níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé ìgbà náà.

Àmọ́ níbi tí ẹrẹ̀ bá ti jinlẹ̀ tó sì tutù láìdáwọ́ dúró, igi a máa wà nílẹ̀ wa náà. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ó sì kan ohun líle nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Maiduguri àti Frankfurt wú u jáde: gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4, wọ́n gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sí ṣóńṣó, ó sì tó nǹkan bíi 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó dàgbà jù ú lọ tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà. Láyé ìgbà náà, adágún Chad tóbi ju ti òde òní lọ fíìfíì, omi sì pọ̀ níbi tó ti di aṣálẹ̀ lónìí. Damaturu ni ọkọ̀ náà wà. Ó ju àwọn òpó tí ẹ rí ní Jámánì lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ọ̀sà, ẹ bá mi sọ èyí fún àwọn tó ń wa yanrìn àti àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Bí wọ́n bá kan igi dúdú nínú ẹrẹ̀ jíjìn, tí ojú àáké tàbí ihò tí èèyàn gbẹ́ wà lára rẹ̀, kí wọ́n má sá a sí oòrùn, kí wọ́n má sì fi omi fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Kí wọ́n fi ẹrẹ̀ ibẹ̀ bò ó padà, kí wọ́n fi ọ̀rá tàbí tapólì wé e kó lè máa tutù, kí wọ́n sàmì síbi tí wọ́n ti rí i, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù ìjọba tó bá sún mọ́ wọn jù.